Iná ló bí ìjọba ìbílẹ̀ orí ọ̀dàn

Ní Saskatchewan, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Glen McPherson. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2016, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé ọgọ́rùn-ún. Èrò ìsọmọlórúkọ kan lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ wọ́n ní alága, wọ́n ní kánsílọ̀, wọ́n sì ń gba owó orí ilẹ̀.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1872 ló kó àgbẹ̀ dé ọ̀dàn náà. Dọ́là mẹ́wàá lèèyàn máa fi forúkọ sílẹ̀ fún éékà 160. Tó bá gbébẹ̀ fọ́dún mẹ́ta, tó sì dáko, ilẹ̀ di tirẹ̀. (Àwọn Cree àti Assiniboine, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà látijọ́, ti ń ṣọdẹ ẹfọ̀n níbẹ̀ kí ìjọba tó fokùn wọn ilẹ̀ ọ̀hún.) Ṣùgbọ́n tí koríko bá ti gbẹ, mànàmáná kan ti tó. Àgbẹ̀ á túlẹ̀ yí ilé rẹ̀ ká ní ìlà méjì, á wá rọra jó koríko àárín wọn, kí iná ńlá má bàa rí nǹkan jẹ tó bá dé. Agbára ẹnì kan ò ká ti gbogbo àdúgbò. Láàárín ọdún 1890 sí 1900, ìjọba ní kí aládùúgbò para pọ̀ di ẹkùn kéékèèké, kí kálukú fi ọjọ́ mélòó kan ṣiṣẹ́ ọ̀nà àti ìdènà iná, tàbí kó sanwó. Ọ̀wẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀wẹ̀ ọ̀ranyàn.

Saskatchewan di ìpínlẹ̀ ní 1905. Nígbà tó fi máa di òpin 1909, irú àwọn ẹkùn bẹ́ẹ̀ ti ń di ìjọba ìbílẹ̀. Rúlà ni wọ́n fi pín ọ̀pọ̀ wọn: máìlì 18 lóròó, 18 níbùú. Wọ́n tún fún wọn ní nọ́ńbà, Argyle ni 1.

Èyí tó wù mí jù ni ti Sarnia, ọ̀kan lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ní nǹkan bí 1915, dókítà wọn fẹ́ kẹ́rù, torí owó tó ń rí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kò tó o jẹun. Kánsù bá yọ dọ́là 1,500 fún un lọ́dún nínú owó orí. Ní 1916 lòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fàyè gba irú rẹ̀. Nígbà tó di 1962, gbogbo Saskatchewan ti ń rí dókítà láìsanwó lójú ẹsẹ̀, ìyókù Kánádà sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀dá àti eruku àwọn ọdún 1930 sí 1939 lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, tírákítọ̀ lé ìyókù. Ọ̀nà tí wọ́n là nígbà náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ìwọ̀nba tó kù ló sì ń sanwó katapílà tó ń gé e.