Iyùn Kì Í Ṣe Òkúta

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wo iyùn lọ́rùn ọba tàbí lọ́rùn ìyàwó gbà pé òkúta inú omi ni. Rárá o. Ojúlówó iyùn pupa tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù ń kó wá sí etíkun wa láti ayébáyé, egungun ẹranko ni. Inú Òkun Mẹditaréníà ni ẹranko ọ̀hún ń gbé, Corallium rubrum ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ní 1706, Marsigli, onímọ̀ ará Ítálì, rí ohun funfun wẹ́wẹ́ tó yọ lára ẹ̀ka iyùn nínú omi, ó ní òdòdó ni. Peyssonnel, dókítà ará Faransé, ló wá jà á pé ẹranko ni, òótọ́ ló sì sọ. Apá mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹranko wẹ́wẹ́ yìí ní tó fi ń gbá oúnjẹ tó ń ṣàn kọjá mú. Bí nǹkan bá kàn án, wàràwàrà ló máa kó wọlé.

Ẹyọ kan ló máa ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ àpáta, níbi òjìji tí oòrùn kì í sábà dé. Òun ló ń hu òmíràn lára, tí ìyẹn náà ń hu tirẹ̀. Agboolé gidi ni: baba kan ló tẹ̀ ẹ́ dó, oúnjẹ tí ẹnì kan bá rí ń kárí ilé, gbogbo wọn ló sì jọ ń mọ ògiri kan ṣoṣo. Àfi pé àárín ni ògiri yìí wà, àwọn ará ilé ló yí i ká. Ògiri yẹn ni egungun pupa tí a ń gbẹ́ ní ìlẹ̀kẹ̀. Èròjà tó wà nínú ìkarahun ìgbín ni wọ́n ń fà látinú omi òkun láti fi mọ ọ́n.

Ibi tó wú mi lórí jù ni sísanra rẹ̀. Lọ́dún kan gbáko, ohun tí ìdí ẹ̀ka fi ń sanra kì í sábà tó ìdajì mìlímítà. Bí wọ́n bá gé e, tí wọ́n fi aró kùn ún, òrùka ọdọọdún á hàn kedere.

Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà pé ìdí ẹ̀ka ni òfin ìpẹja Mẹditaréníà ń wọ̀n: èyí tí kò bá tó mìlímítà 7, a kì í ká a. Ṣùgbọ́n 7 ti kéré jù. Iyùn tó ti lo ọdún 20 sí 30 kó tó nípọn báyẹn kò tíì ní ẹ̀ka púpọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ńlá ẹlẹ́ka púpọ̀ ló ń bímọ jù. Ó yẹ kí wọ́n gbé e dé 10, ó kéré tán.