Quick-turn throttle: ọwọ́ alùpùpù tó ń yára ṣí

Ẹni tó bá ti gun power bike rí mọ ọwọ́ ọ̀tún yẹn dáadáa. A dì í mú, a yí i sọ́dọ̀ ara wa, ẹ́ńjìnnì ké. Ọwọ́ tí à ń yí yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní throttle. Quick-turn throttle ni èyí tí wọ́n tún ṣe kí yíyí díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí yíyí púpọ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rà á torí wọ́n gbà pé agbára alùpùpù àwọn yóò pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó náwó lé e pẹ̀lú ìrètí yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Lábẹ́ rọ́bà tí à ń dì mú, ọ̀pá oníhò kan wà níbẹ̀ tó ń yí lórí irin hándù. Ní ìdí ọ̀pá náà, ní ìhà inú, ó fẹ̀ jáde bí àgbá kékeré, wọ́n sì gbẹ́ ojú ọ̀nà sí i lára kí wáyà lè bá ibẹ̀ kọjá. Bí a bá yí ọwọ́, àgbá yìí á ká wáyà mọ́ra bí ìgbà tí a bá ń ká òwú mọ́ kẹ̀kẹ́. Wáyà á wá fa àwo pẹlẹbẹ kan tó dábùú ọ̀nà atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì. Bí àwo náà bá ṣe ṣí tó ni atẹ́gùn á ṣe wọlé tó, epo tó bá atẹ́gùn náà mu á sì tẹ̀ lé e. Wáyà kejì tún wà, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó fa àwo padà kó tì. Ẹ fi wáyà kejì yẹn sọ́kàn.

Gbogbo ọgbọ́n quick-turn wà nínú títóbi àgbá kékeré yẹn. Ká ní alùpùpù kan ń fẹ́ kí wáyà rìn ní mìlímítà 30 kí àwo tó ṣí tán. Bí àgbá náà bá fẹ̀ ní mìlímítà 40 láti etí kan dé èkejì, a óò yí ọwọ́ tó nǹkan bíi dígírì 86. Ẹ fi àgbá mìlímítà 50 rọ́pò rẹ̀, ó di 69. Bó bá jẹ́ 60, ó di 57. Ibi kan náà ni àwo dé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, atẹ́gùn kan náà ló wọlé, agbára kan náà ló jáde lẹ́yìn táyà. Ìrìn ọrùn ọwọ́ nìkan ló kúrú. Ẹni tó bá fẹ́ kí alùpùpù òun fà gan-an láti ìdúró, kó lọ wo sprocket iwájú, irin eléyín tó ń fa ṣéènì. Bí a bá fi oníyín 15 rọ́pò oníyín 16, ipá tó ń dé táyà nínú jíà kọ̀ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìpín 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, bí ìparí eré rẹ̀ tilẹ̀ máa dínkù. Ìyẹn ò kan throttle.

Ta ló wá nílò rẹ̀? Àwọn tó ń sáré ìje lórí pápá ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú kọ́nà, tó ti tẹ ara mọ́ táǹkì, kò ní àyè láti yí ọwọ́ ní dígírì 86. Bí ó bá fẹ́ yí i dé òpin, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á wọlẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé á yí i dé ìdajì, á tú ọwọ́ díẹ̀, á tún un dì mú, á wá yí ìyókù. Ní àkókò kan náà, ìka rẹ̀ méjì lè ṣì wà lórí búréèkì. Títú ọwọ́ kan péré lè jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn kọjá. Ohun tí quick-turn ń ṣe fún un ni pé kò ní tú ọwọ́ mọ́.

Láàárín àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn tún alùpùpù ṣe, àpẹẹrẹ kan gbajúmọ̀: wọ́n á mú ọ̀pá throttle Yamaha YZF-R6, wọ́n á fi sórí Suzuki SV650. Ojú títì ni wọ́n ṣe SV650 fún, throttle rẹ̀ sì ń yí pẹ̀lẹ́. Àgbá ti R6 tóbi jù ú lọ. Ike lásán ni ọ̀pá náà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tó fi tàn kálẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá gbé e lè ra odindi èyí tí Domino ti Ítálì tàbí Motion Pro ti Amẹ́ríkà ń ṣe.

Àgbá ńlá ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Àkọ́kọ́ ni pé ọwọ́ á wúwo. Sípíríǹgì tó ń ti àwo kò yí padà, ṣùgbọ́n a ti ń fà á láti orí àgbá tó fẹ̀ sí i. Láti 40 sí 50, ipá tí ọwọ́ máa lò á fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i. Lórí pápá kò burú. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, apá á ro èèyàn.

Èkejì ló ká mi lára jù. Àwo atẹ́gùn yẹn kì í ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ronú ilẹ̀kùn tó tì pátápátá: bí a bá là á díẹ̀ báyìí, atẹ́gùn tó máa gba ibẹ̀ wọlé pọ̀ gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí ju ìdajì lọ, ṣíṣí i sí i kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá, pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì máa sáré. Ìbẹ̀rẹ̀ yíyí gan-an ni ẹlẹgẹ́, ibẹ̀ náà la sì ń wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ń gùn ún láàárín ìlú. Àgbá ńlá wá sọ ibi ẹlẹgẹ́ yẹn di tín-ín-rín. Èmi fúnra mi gbé e gun Third Mainland Bridge. Gbogbo ibi tí afárá ti so pọ̀ ni alùpùpù ń ta, bó bá ti ta, ọwọ́ mi á yí díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á já mi síwájú, ara mi á lọ sẹ́yìn, ọwọ́ á tún yí sí i. Ẹ̀rù bà mí. Nínú òjò, tí táyà ẹ̀yìn bá ti ibẹ̀ yọ̀ nínú kọ́nà, tó tún di ilẹ̀ mú lójijì, ó lè ju ẹni tó gùn ún sókè.

Nítorí èyí, fún ẹni tó ń gùn ún lójú títì, mo fara mọ́ àgbá tí kì í ṣe róbótó. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré, ó ń tóbi bọ̀ bí a bá ṣe ń yí i. Ọwọ́ á rọra ṣí níbi ẹlẹgẹ́, á wá yára níbi tí kò ti léwu. Irú rẹ̀ ló wà lórí alùpùpù mi báyìí.

Alùpùpù ìgbàlódé ti tún ọ̀rọ̀ náà yí padà. Lọ́dún 2006, Yamaha fi kọ̀ǹpútà sáàárín ọwọ́ àti àwo lórí R6, wọ́n pè é ní YCC-T. Wáyà ṣì wà, ṣùgbọ́n ara ohun tó ń wọn bí ọwọ́ ṣe yí tó ló so mọ́. Mọ́tò iná ló ń ṣí àwo fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá ṣe sọ. Lórí irú èyí, àgbá ńlá kàn ń tètè sọ fún kọ̀ǹpútà pé a ti yí ọwọ́ ni. Ó lè má ṣí àwo bí a ṣe rò, bí ètò inú rẹ̀ bá ní kó dúró ná. Àwọn alùpùpù tí wọn kò tilẹ̀ ní wáyà mọ́ pọ̀ lóde báyìí. Ní tiwọn, ètò kọ̀ǹpútà ni a ń yí padà.

Ní ti àwọn oníwáyà, ẹ padà sórí wáyà kejì, èyí tó ń fa àwo padà kó tì: iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dí. Bí àgbá tuntun bá tóbi ju ilé rẹ̀ lọ, á máa ha. Bí wáyà tó ń ṣí àwo bá le jù, bí a bá ṣẹ́ hándù, á fa àwo ṣí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ọwọ́. Ìwé òfin FIM, àjọ eré ìje alùpùpù lágbàáyé, pàṣẹ pé throttle gbọ́dọ̀ tì fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi òfin yẹn ṣe tiyín. Kí ọwọ́ ní àyè díẹ̀ tó máa yí kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bíi mìlímítà 2 tàbí 3. Kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́, ẹ yí throttle dé òpin, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lú ariwo. Ẹ ṣe é nígbà tí hándù bá wà láàárín, ẹ ṣẹ́ ẹ sí òsì tán kí ẹ tún un ṣe, ẹ tún ṣẹ́ ẹ sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún ṣẹ́ hándù láti òsì dé ọ̀tún láìfọwọ́ kan throttle, kí ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ohùn bá ga sókè níbikíbi, ẹ má gbé e jáde lọ́jọ́ yẹn.