Kámẹ́rà ńlá ò mọ̀ pé ìyá ìyàwó ló wà níwájú òun

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní Panseke, l'Ábẹ́òkúta, ó kí mi, ó jókòó, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni o, òun fẹ́ fi ra kámẹ́rà, kí n jọ̀ọ́ sọ èyí tó dáa jù fún òun nínú àwọn full frame, àwọn ńlá tí ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú wọn fẹ̀. Mo bi í pé èwo ló ń lò tẹ́lẹ̀. Ó ní fóònù. Mo ní ta ló wá ń kọ́ ẹ níṣẹ́? Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá ti ní kámẹ́rà tó dáa, kí ni mo tún fẹ́ máa kọ́? Kámẹ́rà náà ló máa yà á, kí n ṣáà ti tẹ bọ́tìnì."

Mi ò bínú sí i rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu ẹ̀ kọ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n ń sọ ọ́ láti Adátán títí dé Láfẹ́nwá, kódà àwọn oníbàárà wa náà ń sọ ọ́, "fọ́tò yín mà dáa o, kámẹ́rà yín á wọ́n gan-an." Ohun tójú ń rí lóde ìnáwó ni kámẹ́rà tó wà lọ́rùn onífọ́tò, ọdún tó fi tẹ̀lé ọ̀gá ẹ̀ kiri kó tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù ò hàn sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ owó gidi ni ìgbàgbọ́ yìí ń gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn o. Mo mọ ẹni tó ta ọ̀kadà ẹ̀ kó lè ra kámẹ́rà, kò ju oṣù mẹ́fà lọ tó tún ń wá ẹni tó máa ra kámẹ́rà náà lọ́wọ́ òun, ó ní fọ́tò ẹ̀ ò jọ ti àwọn tó kù, ó rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun ni. Kámẹ́rà yẹn ò ní nǹkan kan tó ṣe é, èmi fúnra mi gbé e yẹ̀ wò.

Èmi náà gba irú ẹ̀ gbọ́ nígbà kan. Ìgbéyàwó kan ni wọ́n pè mí sí ní Aṣẹ̀rò, ọ̀rẹ́ mi kan wá yá mi ní kámẹ́rà tó ju tèmi lọ fíìfíì, mo gbé e sí auto kó máa dá gbogbo ẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Pápá gbalasa ni wọ́n ti ń ṣe é, kánópì aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ta síbẹ̀, aago kan ọ̀sán, oòrùn ń ràn bí iná. Ìyá ìyàwó jókòó sábẹ́ kánópì nínú léèsì funfun, ẹ̀yìn wọn ni ìta gbangba tí oòrùn ń pa. Mo ya fọ́tò tó lé ní 600 lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí mo délé tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, àyà mi já. Ìta tó wà lẹ́yìn wọn hàn kedere, ó dáa gan-an, ojú màmá wá ṣókùnkùn bíi yàrá tí wọn ò tan iná sí, ìwọ̀nba tó hàn níbẹ̀ ti di búlúù, léèsì tí wọ́n fowó gọbọi rà wá dà bí aṣọ tí wọ́n fi omi eérú fọ̀. Mo gbìyànjú láti tan ìmọ́lẹ̀ sí i nínú edit, bí mo ṣe ń tàn án bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ojú wọn ń fọ́. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, màmá wọ gíláàsì, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ojú tèmi nìyí?"

Wọn ò bú mi o. Ìbéèrè yẹn nìkan ló lé mi lọ sí kíláàsì fọ́tò, àti pé títí dòní, tí mo bá ti rí kánópì búlúù, màmá yẹn ni mo máa ń rántí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kámẹ́rà ò mọ èèyàn, kò mọ léèsì, kò mọ̀ pé ìyá ìyàwó nìyí, ọkọ̀ nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé sí i ló ń wọ̀n. Tó bá sì wọ̀n ọ́n tán, ó ní láti méfò, ìméfò ẹ̀ ni pé tí èèyàn bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, dúdú àti funfun, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jáde, eérú tó máa ń dá nǹkan bíi 18 padà nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e. Tí ohun tó wà níwájú ẹ̀ bá wá funfun jù bẹ́ẹ̀ lọ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù títí funfun á fi di eérú. Tó bá dúdú, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ò tó, á bù kún un. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dúdú dáadáa tó tún wọ aṣọ dúdú á fi bọ́ sínú fọ́tò bí ẹni tó fi àtíkè kun gbogbo ojú. Lọ́jọ́ Aṣẹ̀rò yẹn, ìta tó ń tàn yòò lẹ́yìn màmá ni kámẹ́rà rí, òun ló bá dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí ẹ̀, ojú màmá ló wá jìyà ẹ̀. Búlúù yẹn ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú tapólì búlúù kọjá kó tó dé ojú èèyàn, búlúù náà lá jẹ́.

Òótọ́ ni pé àwọn kámẹ́rà tuntun ti ń dá ojú èèyàn mọ̀, ìyẹn ń ràn wá lọ́wọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ìméfò ló ṣì ń ṣe. Èyí tó wọ́n jù ní Ìkẹjà náà ò lè dìde kó sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sún síwájú díẹ̀ sí etí kánópì, kí ìmọ́lẹ̀ ìta bọ́ sójú yín." Onífọ́tò ló máa sọ ọ́. Gbólóhùn kan yẹn ni ì bá yọ mí, kò sì ná èèyàn ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ megapixel, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì kéékèèké (pixel) tó para pọ̀ di fọ́tò, ò yẹ kó gba àkókò wa. Fọ́tò 8 ní 10 íǹṣì, kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa ní 300 dpi, ìyẹn àmì 300 nínú íǹṣì kan, pixel 2400 lọ́nà 3000 ló ń fẹ́, ìyẹn ò ju megapixel 7 àti díẹ̀ lọ. Fóònù tó wà lápò yín ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo J. D. 'Okhai Ojeikere, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní dúdú àti funfun, kó tó kú ní 2014 ó ti ya irun tó tó nǹkan bí 1000. Kámẹ́rà Brownie kékeré tí ò tiẹ̀ ní fíláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, aládùúgbò ẹ̀ kan ló jókòó tì í tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹni tó jókòó tì í yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú ìtàn yẹn o.

Torí àwọn kan á ní YouTube wà. Ó wà lóòótọ́, èmi náà ń wò ó lójoojúmọ́, mo sì ti kọ́ nǹkan níbẹ̀. Àmọ́ fídíò ò rí ọwọ́ yín. Kò rí i pé ẹ gbé shutter, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, sí 1/60 ìṣẹ́jú àáyá nígbà tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó, tí gbogbo ọwọ́ fi di èéfín, tó jẹ́ pé ká ní 1/250 ni, náírà á dúró gbọnin lókè. Kò lè dá yín lóhùn nígbà tí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí f/4, nọ́ńbà tó ń sọ bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó, fi mú ìmọ́lẹ̀ wọlé kéré sí f/2 nígbà tó jẹ́ pé 4 ló tóbi. Ìbéèrè yẹn ló máa ń dá gbogbo àwọn tí mo ń kọ́ ní fọ́tò yíyà dúró, ohun tí mo sì máa ń ṣe ni pé màá fi ìwé pẹlẹbẹ gé ihò méjì: lẹ́ǹsì 50mm, ẹ fi 2 pín in, ihò 25mm nìyẹn, ẹ fi 4 pín in, ihò 12.5mm. Màá ní kí wọ́n gbé e sókè síbi fèrèsé. Ẹni tó bá ti rí ihò méjèèjì lọ́wọ́ ara ẹ̀ kì í béèrè mọ́.

Fíláàṣì náà ńkọ́? Ẹ ní kí èèyàn méjì dúró, ọ̀kan ní mítà 1, èkejì ní mítà 2. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó dé ara ẹni iwájú ló máa dé ara ẹni ẹ̀yìn, kì í ṣe ìdajì bí gbogbo wa ṣe máa ń rò. Ìdí tí fọ́tò ẹbí fi máa ń funfun níwájú tó sì ṣókùnkùn lẹ́yìn nìyẹn. Tí a bá lọ sí Olúmọ, màá ní kí wọ́n ya ẹnì kan náà ní aago 12 ọ̀sán, ká tún padà yà á ní aago 5 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ níbi kan náà pẹ̀lú kámẹ́rà kan náà. Ti ọ̀sán, oòrùn wà lórí gan-an, ihò ojú á ṣókùnkùn bíi ti egungun. Ti ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ti rọ̀, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, àwọn páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ yẹn á pọ́n dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á máa pariwo.

Tí ẹ bá wá fẹ́ sanwó kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé èèyàn mélòó ló máa lo kámẹ́rà kan. Mo ti lọ sí wọ́kṣọ́ọ̀pù kan rí tí a lé ní ogójì nínú gbọ̀ngàn, ọ̀gá ń fi slide hàn wá láti àárọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni kámẹ́rà fi dé ọwọ́ mi. Ìwé ẹ̀rí yẹn ṣì wà nílé, ó dáa ní wíwò, àmọ́ n ò rí nǹkan kan mú kúrò níbẹ̀. Kíláàsì tó ń mú yín jáde, tí wọ́n ń ṣí fọ́tò tẹ́ ẹ bà jẹ́ lójú gbogbo yín tí wọ́n sì ń sọ ohun tó bà á jẹ́, ẹ má fi ṣeré, kódà kó jẹ́ èèyàn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn, mo ní kó ṣì fi owó àjọ ẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì, kó wá ní Sátidé. Ó dé. Mo gbé kámẹ́rà àtijọ́ kan fún un, lẹ́ǹsì 18-55 tó máa ń bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló wà lẹ́nu ẹ̀. A rìn lọ sí Ìtòkú, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ gbà kí a tẹ́ aṣọ síwájú ìsọ̀ wọn, teru funfun kan àti àdìrẹ ẹlẹ́lùú kan tó dúdú kirikiri, nínú òjìji kan náà. Mo ní kó ya funfun kó kún inú fọ́tò, kó ya dúdú náà bẹ́ẹ̀, ní auto. Ó yà á. Ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó yí i padà, ó tún wò ó. Funfun ti di eérú, dúdú náà ti di eérú, díẹ̀ ló kù kéèyàn má mọ ìyàtọ̀.

Ó gbójú sókè wo aṣọ, ó tún wo kámẹ́rà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, irọ́ ló ń pa." Mo fi bọ́tìnì tí wọ́n kọ àmì ìròpọ̀ àti àyọkúrò sí hàn án, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí tó fi gbà á lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un fún teru, ó ń dín in kù fún àdìrẹ, ó ń yà, ó ń wò. Ìyá aláṣọ náà kúrò lórí àga wọn, wọ́n wá dúró lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní kó ya èyí tó wà lápá òsì náà, pé ẹlẹ́lùú ìyẹn jinlẹ̀ jù èyí lọ.