Ibi Tí Cam-clay Ti Ṣẹ̀ Wá

Cam-clay ni orúkọ ìṣirò kan tó ń sọ bí amọ̀ ṣe ń ṣe lábẹ́ ẹrù. Ẹni tó bá ti mọ ìkòkò rí mọ̀ pé amọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ iyanrìn. Gbé ẹrù lé iyanrìn, kíá ló ti rì tán. Ti amọ̀ tutù yàtọ̀: omi tó há sínú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gba ẹrù náà rù, bí omi ọ̀hún bá sì ṣe ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ ni ilé orí rẹ̀ ń rì. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Karl Terzaghi, ọmọ ilẹ̀ Austria tó ṣe olùkọ́ ní Istanbul, ló rí ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1925.

Rírì nìkan nìyẹn. Tó bá di ìgbà tí ilẹ̀ máa ya, ìṣirò Coulomb ará Faransé, ti 1776, ni wọ́n ń lò. Amọ̀ kan ṣoṣo, ìṣirò méjì tí kò mọ ara wọn!

Ní Yunifásítì Cambridge ni Kenneth Roscoe, Andrew Schofield àti Peter Wroth ti so méjèèjì pọ̀ ní 1958. Wọ́n ní téèyàn bá ń ti amọ̀ lọ láìdúró, á dé ipò kan tí kò ní fún pọ̀ mọ́, tí kò ní wú mọ́, tí ìrísí rẹ̀ á kàn máa wọ́ ṣáá. Orí ipò yìí ni Roscoe àti Schofield gbé Cam-clay kà ní 1963. Odò Cam tó gba ìlú náà kọjá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí amọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé amọ̀ inú ìṣirò náà kì í gbàgbé. Ó ní ààlà kan, ẹrù tó wúwo jù tó ti gbé rí ló sì ń pinnu bí ààlà náà ṣe fẹ̀ tó. Tí ẹrù kò bá tíì dé ààlà, gbé e kúrò, amọ̀ á padà sí bó ṣe wà. Tó bá ti kàn án, kò ní padà tán mọ́, ààlà á sì tún fẹ̀ sí i.

Tí wọ́n bá ya ààlà yìí sórí ìwé, orí rẹ̀ máa ń ṣe ṣóńṣó, ibẹ̀ sì ni àléébù wà. Fún amọ̀ dọ́gba-dọ́gba láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, ṣe ló yẹ kó kàn kéré sí i. Ṣóńṣó yẹn ń sọ pé á wọ́. Ní 1968, Roscoe àti John Burland tún un yà, orí náà di roboto bí ẹyin. Nọ́ńbà márùn-ún péré ló ń béèrè, òun sì ni àwọn ẹnjiníà mú lò jù.

Síbẹ̀, àbùkù kan ṣì pa ìṣirò méjèèjì, ti 1963 àti ti 1968, pọ̀: lórí amọ̀ tí ẹrù ńlá ti tẹ̀ rí, tí ẹrù náà sì ti kúrò, irú èyí tó wà lábẹ́ ìlú London, wọ́n máa ń pè é ní alágbára ju bó ṣe jẹ́ lọ.