Jíjìnnà sí sọkawéè kò dá náítíréètì dúró

“Kànga wa fi mítà 30 jìnnà sí sọkawéè, omi rẹ̀ mọ́ gaara, kò rùn, ilẹ̀ ti sẹ́ ẹ.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu onílé, ó sì ń bíni nínú, torí pé apá kan rẹ̀ jóòótọ́. Ilẹ̀ máa ń sẹ́ kòkòrò àrùn: ọ̀pọ̀ wọn á há sínú yanrìn, wọ́n á sì kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í di náítíréètì mú, ìyẹn èròjà tí náítírójìn inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń dà nínú ilẹ̀, tó ń yòrò sínú omi. Kò láwọ̀, kò ní òórùn, ẹnu ò sì lè tọ́ ọ mọ̀. Ẹ sè é, omi ló máa fà, òun á ṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Náítírójìn tó ń ti ara ẹnì kan jáde lọ́dún tó kílò 4, inú ìtọ̀ ló pọ̀ sí jù. Díẹ̀ ni táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣáájú sọkawéè ń dá dúró nínú rẹ̀. Ilé ẹlẹ́ni 5, kílò 20 nìyẹn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 150 lójúmọ́, omi ìdọ̀tí ọdún kan á tó 274,000 lítà. Ká ní ilẹ̀ náà gùn ní mítà 40, ó fẹ̀ ní 25, tí òjò tó ń rì dé omi abẹ́ ilẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 200 lọ́dún: 200,000 lítà. Ẹ da kílò 20 sínú omi méjèèjì, mílígíráàmù 42 ló máa wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4.43 kó lè di náítíréètì: nǹkan bí 187. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kó má kọjá 50.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bá ni jiyàn nìyí: ṣebí àwọn kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ tó ń sọ náítíréètì di afẹ́fẹ́? Wọ́n wà. Àmọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì nílò ewé jíjẹrà tàbí irú rẹ̀ láti jẹ. Nínú ilẹ̀ àbàtà dúdú, wọ́n lè mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò. Nínú yanrìn tó jìn, tó ń gbẹ, díẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń kọ “ìdajì” sínú ìṣirò wọn láìwọn nǹkan kan, ìdajì ọ̀hún sì ṣì jẹ́ 93.

Kíloráìdì, tó wà nínú iyọ̀, ló lè jẹ́ ká mọ iye tí kòkòrò mú kúrò ní tòótọ́, torí kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Ẹ bu omi lẹ́nu ọ̀nà àbájáde táńkì, ẹ bu ti kànga, kí ẹ sì wọn náítírójìn àti kíloráìdì nínú méjèèjì. Bí ti táńkì bá jẹ́ 60 sí 60, tí kànga wá ní kíloráìdì 30, náítírójìn 10, kíloráìdì fi hàn pé omi mìíràn ti là á dé ìdajì, náítírójìn ì bá sì jẹ́ 30; ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ lójú ọ̀nà. Ajílẹ̀, ìgbẹ́ ẹran tàbí ilẹ̀ oníyọ̀ lè da ìṣirò yìí rú o, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yọ iye tó wà nínú kànga tó wà ní apá ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀ kó tó dé sọkawéè kúrò.

Iye 42 yẹn kì í sì í ṣe ti kànga kankan. Omi sọkawéè kì í tàn káàkiri. Ó ń ṣàn lọ tóóró. Ní Ontario, ní Kánádà, wọ́n tọpa ti ilé kan nínú yanrìn kọjá 100 mítà. Kànga tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ lè ní púpọ̀, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má ní rárá. Ìṣirò kàn lè sọ bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ yẹ omi wò ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ìgò wà nínú yìnyín, kó dé láàbù kí wákàtí 48 tó pé. Ẹ bi wọ́n bóyá náítírójìn ni wọ́n kọ tàbí náítíréètì, torí 10 ti àkọ́kọ́ jẹ́ 44 ti èkejì. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 bá ń mu mílíìkì agolo nílé, ẹ má fi omi kànga náà po ó kí èsì tó dé: náítíréètì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má lè gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn.