Fífi Ọkàn Bá Ìjàpá Sọ̀rọ̀: Kí Ló Jẹ́, Ibo Ló sì Mọ?

Fífi ọkàn bá ẹranko sọ̀rọ̀: ẹni tó ń ṣe é á jókòó jẹ́ẹ́, á mí kanlẹ̀, á gbé gbogbo èrò tó ń dà á láàmú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá fi inú bi ẹranko léèrè pé báwo ni ara, kí lo sì ń fẹ́? Lẹ́yìn náà, á dúró de èsì. Àwọn tó gbà á gbọ́ sọ pé èsì náà lè wá bí àwòrán tó kọjá lójú inú. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré tó ṣàdédé sọ síni lọ́kàn. Ó sì lè jẹ́ pé orúnkún ẹni tó ń béèrè ni yóò máa ro ó, nítorí pé ẹsẹ̀ ń dun ẹranko náà. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní kí ẹ gbé ẹranko wá. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ sanwó, wọ́n á kọ èsì sí yín.

Ó yé mi ìdí tí ẹni tó ń sin ìjàpá fi máa ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ajá á ju ìrù, ológbò á ké, ṣùgbọ́n ojú ìjàpá kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í le. Tí ara rẹ̀ ò bá yá, ńṣe ló tún máa ń fi pa mọ́, bí ọ̀pọ̀ ẹranko tí ẹranko mìíràn lè pa jẹ. Kí ẹni tó ni ín tó fura, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára.

Nǹkan méjì ni wọ́n dì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí. Èkíní ni pé èrò ń fò láti ọkàn ẹranko bọ́ sí ọkàn ènìyàn, láìgba ojú, láìgba etí. Kò tíì sí ìdánwò kan tí wọ́n ṣe dáadáa tó fi hàn pé èyí ń ṣẹlẹ̀. Èkejì ni ìfura ẹni tó ti ń wo ẹranko kan pẹ́, bí ìyá ṣe máa ń mọ̀ pé ara ọmọ òun ò yá kí ọmọ náà tó sunkún. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, òótọ́ ni. Ojú ti rí i pé ìjàpá pẹ́ kó tó gòkè wá yá oòrùn lónìí, imú ti gbọ́ pé omi ń rùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ò tíì rí ọ̀rọ̀ fi sọ ọ́. Ohun tí ẹ máa kàn mọ̀ ni pé ara ń fu yín. Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ẹṣin kan gbayì gan-an ní Berlin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Hans lorúkọ rẹ̀. Wilhelm von Osten, ọ̀gá rẹ̀, gbà tọkàntọkàn pé ó mọ ìṣirò: ẹ bi í pé kí ni méjì àti mẹ́ta jẹ́, á fi pátákò kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní 1907, Oskar Pfungst, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí, tẹ àbájáde ìwádìí tó ṣe lórí ẹṣin náà jáde. Bí ẹni tó béèrè ò bá mọ ìdáhùn, tàbí tí ẹṣin ò bá rí i, Hans á ṣi ìṣirò. Ara ẹni tó ń béèrè ni ẹṣin náà ń kà. Tí pátákò bá ti kanlẹ̀ dé iye tó yẹ, orí onítọ̀hún á gbéra díẹ̀, ara rẹ̀ á dẹ̀, Hans á sì dúró. Von Osten kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun alára ni kò mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Hans ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ti gbọ́ èsì lọ́dọ̀ ìjàpá. Ẹ wo ìjàpá omi tó ń fi èékánná họ ara gíláàsì táńkì láti àárọ̀. Ẹnì kan á ní ó fẹ́ jáde wá bá òun ṣeré, ẹlòmíràn á ní àárò ilé ìbí rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé táńkì náà ló kéré jù. Ó lè jẹ́ pé ó ti mọ̀ pé ẹni yìí ló máa ń gbé oúnjẹ wá. Tó bá jẹ́ abo, ó lè jẹ́ pé ibi tó máa yé ẹyin sí ló ń wá, nítorí abo ìjàpá lè ní ẹyin nínú láìrí akọ rárá. Tí kò bá sì rí ilẹ̀ gbẹ́, ẹyin náà lè há sí i nínú, ìyẹn sì lè pa á. Ẹni tó gbọ́ ọ sí “ó fẹ́ràn mi” ti gbọ́ ọkàn ara rẹ̀.

Èyí ò sọ pé òkúta ni ìjàpá o. Ní 2010, olùṣèwádìí kan, Anna Wilkinson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìjàpá ẹlẹ́sẹ̀ pupa lè wo ẹgbẹ́ rẹ̀ kó sì kọ́ bí yóò ṣe yípo ọgbà dé ibi oúnjẹ, nígbà tí àwọn tí kò rí ẹni tó ṣe é ò mọ ọ̀nà. Wọ́n tún kọ́ ìjàpá kan láti máa yán bí ẹni tí oorun ń kùn, bóyá yóò ran àwọn yòókù. Kò ran ẹnì kankan, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Ig Nobel, èyí tí wọ́n ń fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú, lórí ẹ̀ ní 2011. Ní 2022, olùṣèwádìí mìíràn, Gabriel Jorgewich-Cohen, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn irú ìjàpá 50 sílẹ̀, títí kan àwọn tí wọ́n ti ń pè ní odi tipẹ́. Gbogbo wọn ló ń dún. Ìjàpá ní ohun tó ń bá ara wọn sọ, àwa kọ́ ni wọ́n ń bá sọ ọ́.

Àmọ́ ara rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ìgbóná ló sì kọ́kọ́ máa ń sọ. Ìjàpá kì í dá ooru ara ṣe bíi tiwa, ibi tó wà ló ti ń gbà á. Ìjàpá omi elétí pupa, tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé, nílò omi tó tó bí 24 sí 27°C àti ibi ìyá-oòrùn tó gbẹ tó sì tó bí 30 sí 32°C. Bí ibẹ̀ bá tutù, oúnjẹ ò ní dà nínú rẹ̀, kò sì ní fẹ́ jẹun, á kàn wà lójú kan. Abẹ́ranko-sọ̀rọ̀ á ní ìbànújẹ́ ló ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ ti tẹmọ́mítà bọ omi.

Mímí rẹ̀ tún yàtọ̀. Egungun ìhà ìjàpá ti di ara ìkarahun, kò lè fẹ àyà bíi tiwa. Iṣan tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ ló fi ń fa afẹ́fẹ́ sínú, kò sì lè wúkọ́ dáadáa láti lé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí òtútù àyà fi máa ń le lára rẹ̀. Tí ẹ bá rí ìfófòó nímú, tó ń la ẹnu mí, tó na ọrùn sókè, tàbí tó ń lúwẹ̀ẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ kan ń rì ju ìkejì lọ, ẹ má jókòó ti ọkàn kankan lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló kàn.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ti ìjàpá gan-an sì ni. Ìpéǹpéjú tó wú lè jẹ́ àìtó fítámì A, ó lè jẹ́ omi ìdọ̀tí. Tí kò bá sì ríran, kò ní jẹun. Ìkarahun ńkọ́? Egungun ni, ó wà láàyè, ìjàpá sì ń mọ̀ ọ́n lára tí a bá fọwọ́ kàn án. Tó bá ń rọ̀ lára àgbà ìjàpá, ó sábà máa ń jẹ́ pé kálíṣíọ́ọ̀mù tàbí UVB (ìtànṣán inú oòrùn tí ojú kò rí, tí gílóòbù pàtàkì kan náà máa ń tàn) ni kò tó. Oòrùn tó gba gíláàsì fèrèsé wọlé ti fi UVB sílẹ̀ síta. Gílóòbù UVB náà lè máa tàn roro kí UVB inú rẹ̀ ti tán, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ibì kan lára ìkarahun tó ń rọ̀ tó sì ń rùn jẹ́ ìjẹrà. Ìpẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń bó lára ìjàpá omi kì í ṣe àìsàn. Èyí tó bá na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọọrọ lórí òkúta tó ń yá oòrùn, ẹ fi í sílẹ̀. Ayé ń dùn mọ́ ọn.

Ṣé ká wá pa jíjókòó jẹ́ẹ́ ti? Rárá o. Mo rò pé òun ló wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀, tí a bá yọ ẹ̀tàn kúrò. Ẹ jókòó ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, ẹ má kan gíláàsì, ẹ má gbé e. Ohun tí ojú rí, ẹ kọ ọ́ sápá kan ìwé, ohun tí ọkàn sọ, ẹ kọ ọ́ sápá kejì, kí ẹ sì béèrè lábẹ́ rẹ̀ pé: kí ni mo lè wọ̀n láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Ọkàn ní “ó ti rù”? Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìfẹ́ ò sì ní kẹ́ ẹ fẹnu kò ó lẹ́nu: ìjàpá tí ara rẹ̀ le lè gbé Salmonella, kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, òun ló jẹ́ kí Amẹ́ríkà fòfin de títa èyí tí ìkarahun rẹ̀ kò tó nǹkan bí 10 cm ní 1975. Ẹ fọwọ́.

Tí ẹ bá sì fẹ́ pe abẹ́ranko-sọ̀rọ̀ síbẹ̀, ẹ má sọ gbogbo nǹkan fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin mọ̀ tí kò hàn nínú fọ́tò. “Ó fẹ́ràn yín, àmọ́ ó fẹ́ ààyè sí i” bá gbogbo ìjàpá mu, kò dá ti yín mọ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni kí wọ́n sọ pé ó ní òun ò fẹ́ oògùn, tàbí pé ó ti ń múra àtilọ. Àìsàn ìjàpá máa ń falẹ̀, torí náà ọ̀sẹ̀ tí a fi ṣòfò kì í hàn bí ọ̀sẹ̀ tí a fi ṣòfò.

Ẹ wá dókítà tó mọ ẹranko afàyàfà dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń tọ́jú ajá àti ológbò kì í sábà rí ìjàpá. Ẹ mú ìwé yẹn dání, pẹ̀lú ìwọ̀n gíráàmù, ìgbóná omi àti ti ibi ìyá-oòrùn, ọjọ́ tí ẹ ra gílóòbù UVB, àti fọ́tò táńkì. Tí ó bá bi yín pé kí ló jẹ́ kí ẹ wá, ẹ lè sọ pé ara ló fu yín, kí ẹ wá na ìwé náà sí i.