Ilẹ̀ ló ń sọ irú ilé tí èèyàn lè kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́lé sí Ilé-Ifẹ̀ ló ti ní puláànù lọ́wọ́ kó tó rí ilẹ̀. Wọ́n rí ilé kan l'Ékòó tàbí lórí fóònù, ó wù wọ́n, wọ́n sì ní kí ayàwòrán-ilé ya irú rẹ̀ fáwọn. Ẹ̀yìn ló yẹ kí èyí wà. Pulọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìyẹn bíi mítà 15 ní ìbú àti 30 ní gígùn. Ká ní wọ́n ní kí onílé fi mítà 3 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mítà 9 péré ló kù fún ìbú ilé náà, ògiri pẹ̀lú. Puláànù oní-mítà 12 kò lè wọ ibẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ọ̀dọ̀ ẹbí tó ni ilẹ̀ ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilẹ̀ tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ìdílé, wọ́n lè gbé e lọ kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé kan náà ló dáa.

Lẹ́yìn náà ni sọ́fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Kì í ṣe bíkìnnì, òpó kékeré tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn, nìkan ló ń rì mọ́lẹ̀. Òun ló ń fi ilẹ̀ náà wé àkọsílẹ̀ ìjọba ní Òṣogbo, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbà á tẹ́lẹ̀. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ló yẹ kí wọ́n ṣe èyí. Ẹni tó ń wo ilẹ̀ létí ọ̀nà Ìbàdàn tàbí ọ̀nà Iléṣà tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títì ìjọba àpapọ̀ ni, mítà 45.72 láti àárín rẹ̀ sí apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà. Pulọ́ọ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní mítà 10 sí àárín títì yóò tán pátápátá sínú ilẹ̀ ọ̀nà. Àmì X pupa lára ògiri ló sábà máa ń kẹ́yìn irú rẹ̀. Abẹ́ wáyà iná ńlá àti etí odò bí Ẹ̀sìnmìrìn náà ní ààlà tiwọn.

Ilé-Ifẹ̀ wá ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní: ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ni wọ́n ti hú àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dòní. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kan ní Ìta Yemòó tún kan ère idẹ. Ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá fi àpáàdì tẹ́ náà ṣì wà káàkiri lábẹ́ ilé àti lábẹ́ ọ̀nà. Òfin ní kí ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí, ọ́fíìsì wọn kò sì jìnnà, ó wà ní Ẹnuwá. Bíríkìlà tó fi dígà fọ́ àpáàdì dànù ti pa ohun tí kò sẹ́ni tó lè dá padà run. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ́lé sí àárín ìlú gbọ́dọ̀ sọ fáwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n dúró bí wọ́n bá kan ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ omi náà ṣe pàtàkì. Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń dámọ̀ràn láàárín kànga àti ṣọ́kàwéè, bẹ́ẹ̀ gígùn odindi pulọ́ọ̀tì kò ju ìyẹn lọ. Kànga ní láti wà níwájú, kí ṣọ́kàwéè wà ní ẹ̀yìn pátápátá, kí wọ́n sì tún béèrè ibi tí ti aládùúgbò wà. Èyí nìkan lè yí ibi tí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ yóò wà padà.

Ìgbà yìí ni ayàwòrán-ilé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwòrán rẹ̀, ti ẹ́ńjíníà tó lóǹtẹ̀, ìwé sọ́fẹ́yọ̀, ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì owó orí ni wọ́n ń kó lọ sí ọ́fíìsì town planning, ìyẹn ọ́fíìsì ètò ìlú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní ọdún 2003 pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà, nítorí náà ohun tí wọ́n ń gbà láyè l'Ékòó kì í ṣe òfin l'Ọ́ṣun. Ọ́fíìsì ètò ìlú yẹn gan-an ló yẹ kí èèyàn ti béèrè iye mítà tó yẹ kó fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí wọ́n tó ya ohunkóhun.

Bí ìwé àṣẹ bá jáde, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló fàyè gbà. Ìwé àṣẹ fún ilé ilẹ̀, ìyẹn ilé tí kò ní àjà, kò bo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí owó bá yọ lójijì, tí onílé sì fẹ́ gbé àjà kan lé e, ẹ́ńjíníà ní láti yẹ ìpìlẹ̀ wò, kó ya àwòrán tuntun, kí wọ́n sì gbé e padà sí ọ́fíìsì kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù kankan lé e.